Ẹ má dúró de èèrà: bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ìtọ̀ ṣúgà ń bọ̀ wá bá yín, àti bí ẹ ṣe lè dá a dúró lọ́nà



Láyé àtijọ́, àwọn àgbà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn àrùn tí gbogbo wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà báyìí. Wọn á ní kí onítọ̀hún tọ̀ sílẹ̀, wọn á sì padà lọ wo ibẹ̀ tó bá ṣe díẹ̀. Bí èèrà bá ti ṣù bo ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wọn nìyẹn. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe irọ́. Ṣúgà tó bá ìtọ̀ náà jáde ni èèrà ń wá.

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé èèrà kì í tètè dé. Kíndìnrín máa ń gba ṣúgà padà sínú ara kó má baà bá ìtọ̀ lọ. Ìgbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó nǹkan bíi 180 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni apá kíndìnrín kì í ká a mọ́, tí ṣúgà á wá máa dà sínú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ẹ bá jí láàárọ̀, tí ẹ ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, tí ẹ̀rọ náà sì gbé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, tí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tí kò yàtọ̀, àrùn náà ti wọlé nìyẹn lójú àwọn dókítà. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin 126 àti 180. Ènìyàn lè wà nínú àlàfo yẹn fún ọdún mélòó kan, kí èèrà kankan má yọjú, kí nǹkan kan má dùn ún, kó máa lọ sóko kó máa bọ̀, kí ojú rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ àti iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa gan-an nìyẹn. Ìṣó gún bàbá mi lẹ́sẹ̀ nínú oko kajú. Egbò kékeré tó yẹ kó jinná láàrin ọ̀sẹ̀ kan ló di oṣù mẹ́ta. A fi ewé sí i, a ra kápúsù lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì, a tiẹ̀ ti ń bi ara wa pé ta ni bàbá ṣẹ̀. Ọjọ́ tí a gbé wọn dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kò tíì tú aṣọ tí a fi di egbò náà tó fi gún wọn ní abẹ́rẹ́ kékeré ní ìka ọwọ́. Ẹ̀rọ náà gbé 312 jáde. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn méjì. Dókítà sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti wà lára wọn fún bí ọdún márùn-ún kí ìṣó tó gún wọn. Ọdún márùn-ún! Gbogbo ìgbà yẹn la fi ń sọ pé ara bàbá le.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ara tó sọ fún yín, ẹ lè fi tépù télọ̀ àti ìbéèrè mẹ́jọ wo bí ewu yín ṣe pọ̀ tó, ẹ sì lè dín in kù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nígbà tí wọ́n bá dà nínú ikùn. Ṣúgà yìí kì í ṣe ọ̀tá wa, òun ni epo tí ara fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, àmọ́ kò lè dédé wọ inú ẹran ara. Ó nílò kọ́kọ́rọ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní insulin, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ló sì ń ṣe é.

Àrùn ìtọ̀ ṣúgà tó máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù ni oríṣi kìíní. Nínú ìyẹn, ara kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ rárá, kì í sì í ṣe oúnjẹ ló fà á. Kì í ṣe òun là ń sọ lónìí. Oríṣi kejì, tó máa ń bá àgbàlagbà, ló pọ̀ jù lọ láyé. Nínú tiẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà, ṣùgbọ́n ihò ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Ọ̀rá tó kó jọ sínú ikùn àti sára ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tó ń fa ìpẹtà yìí jù. Ara á wá máa ṣe kọ́kọ́rọ́ sí i, á máa tiraka, títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ẹ̀jẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ, pé "èmi kì í lá ṣúgà, ìtọ̀ ṣúgà kò lè mú mi", kò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kì í fi ṣúgà sí tíì, tó ń jẹ òkè iyán lálaalẹ́, tó sì ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ihò kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ náà ń dípẹtà.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ṣé ìran ni àbí ìgbé ayé? Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná. Ní ọdún 1997, Dókítà Richard Cooper, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú wò ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Caribbean, ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí lọ. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, iye náà ju ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn lọ. Bí ìsanra ṣe ń pọ̀ sí i láti ìlú kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn yìí ń pọ̀ sí i. Orírun kan náà ni, ohun tó yàtọ̀ ni oúnjẹ àti iṣẹ́ tí ara ń ṣe.

Ó yẹ kí ìyẹn ti jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún wa, àfi pé ayé tiwọn ti ń bọ̀ wá bá wa nílé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1992 rí 2.2 nínú 100 àgbàlagbà. Nígbà tí àwọn dókítà Nàìjíríà kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, ó ti di 5.77 nínú 100. Wọ́n pín in sí ẹkùn: gúúsù-gúúsù ló ga jù pẹ̀lú 9.8, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ní 5.5, àárín gbùngbùn àríwá tí wọ́n ń ka Kogi mọ́ sì ní 3.8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 3.8 yẹn tu ara yín nínú. Ìwádìí kan náà ló sọ pé àgbà, ìsanra, àìṣe iṣẹ́ agbára, oúnjẹ tí kò bójú mu àti gbígbé ní ìlú ńlá wà lára ohun tó so mọ́ àrùn yìí. Ta ló kù ní Mopa tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko? Ọ̀kadà ló ń gbé wa lọ, ọ̀kadà náà ló ń gbé wa bọ̀. Olùkọ́ ń jókòó, òṣìṣẹ́ káńsù ń jókòó, onísọ́ọ̀bù ń jókòó. Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí, orí ìjókòó ni mo wà láti aago mẹ́fà àárọ̀.

Ẹ mú tépù télọ̀, ẹ mú bírò

Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland gbé ìbéèrè mẹ́jọ kan jáde tí ẹnikẹ́ni lè fi wo ewu ara rẹ̀ láìgba ẹ̀jẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni FINDRISC. Wọ́n ti lò ó ní ilẹ̀ wa náà: ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alebiosu wà lára wọn gbé e lọ bá àwọn aráàlú, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2013. Torí pé ara àwọn ará Finland ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, ẹ mú un bí atọ́nà, ẹ má mú un bí ìdájọ́.

Ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Tí ẹ kò bá tíì pé ọdún 45, òdo ni. Láti 45 sí 54, ẹ kọ máàkì 2. Láti 55 sí 64, ẹ kọ 3. Tí ẹ bá ti kọjá 64, ẹ kọ 4.

Ìkejì ni ìwọ̀n ara sí gíga. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, ẹ tún fi gíga yẹn pín ohun tó bá kù. Èmi jẹ́ kílò 84, mo ga ní mítà 1.75. Ó fún mi ní 27.4. Tí tiyín kò bá tó 25, òdo ni. Láti 25 sí 30, máàkì 1. Tó bá ju 30 lọ, máàkì 3.

Ìkẹta ni ikùn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí ó sọ ju ìwọ̀n kílò lọ. Ẹ bọ́ aṣọ, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ yí tépù ká ìdodo yín, nísàlẹ̀ egungun ìhà. Ẹ mí jáde, ẹ má fa ikùn mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ọkùnrin tí tirẹ̀ kò tó sẹ̀ńtímítà 94, òdo. Láti 94 sí 102, máàkì 3. Tó bá ju 102 lọ, ìyẹn nǹkan bí ínṣì 40, máàkì 4. Ti obìnrin kéré sí ìyẹn: tí kò bá tó 80, òdo, láti 80 sí 88, máàkì 3, tó bá ju 88 lọ, ìyẹn nǹkan bí ínṣì 35, máàkì 4. Ìwọ̀n ṣòkòtò yín kọ́ lẹ máa kọ síbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń de ṣòkòtò sábẹ́ ikùn, tí wọ́n á ní àwọn ò tíì kúrò ní 34.

Lẹ́yìn náà, ṣé ẹ ń ṣe iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́? Oko ríro wà lára rẹ̀, ìrìn náà wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òdo. Bẹ́ẹ̀ kọ́, máàkì 2. Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń jẹ ẹ̀fọ́ tàbí èso? Tí kì í bá ṣe ojoojúmọ́, máàkì 1. Ṣé ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rí? Máàkì 2. Ṣé wọ́n ti bá ṣúgà tó ga lára yín rí, bóyá níbi àyẹ̀wò, nígbà àìsàn, tàbí nígbà tí ẹ wà nínú oyún? Máàkì 5.

Ìkẹjọ ni ti ẹbí. Tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ yín bá ní ìtọ̀ ṣúgà, máàkì 5. Tó bá jẹ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, tẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá àti ìyá yín, tàbí ọmọ wọn ló ní i, máàkì 3. Ẹ máa rántí pé nílé wa, a kì í sábà sọ ohun tó pa àgbà. "Ó ṣàìsàn ráńpẹ́" la máa ń kọ sínú ìwé ìsìnkú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tó ṣì wà láyé: ta ló ní egbò tí kò jinná? Ta ni ojú rẹ̀ fọ́ lójijì lọ́jọ́ ogbó? Ta ló ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru?

Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí kò bá tó 7, bí ẹnì kan nínú 100 irú yín ni àrùn náà máa mú láàrin ọdún mẹ́wàá. Láti 7 sí 11, ẹnì kan nínú 25. Láti 12 sí 14, ẹnì kan nínú 6. Láti 15 sí 20, ẹnì kan nínú 3. Tó bá ju 20 lọ, ẹnì kan nínú méjì.

Èmi ṣe tèmi ní ọ́fíìsì, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 37 ni mí, òdo. Ìwọ̀n ara, 1. Ikùn 98, máàkì 3. Ìjókòó, 2. Ẹ̀fọ́ tí kì í ṣe ojoojúmọ́, 1. Bàbá mi, 5. Ó jẹ́ 12. Mo rò pé màá rẹ́rìn-ín, mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé tépù náà lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin ní sọ́ọ̀bù wọn. Ọmọ ọdún 56 ni wọ́n. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni? Èmi tí mi ò fi ṣúgà sí tíì láti ọjọ́ yìí wá?" Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Ọjọ́ orí 3, ìwọ̀n ara 1, ikùn 92 jẹ́ máàkì 4, ìjókòó 2, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru 2, ẹ̀gbọ́n wọn tí í ṣe bàbá mi 5. Ẹ̀fọ́ nìkan ni wọn ò pàdánù, torí wọn kì í fi jẹ. Ó jẹ́ 17. Ẹnì kan nínú mẹ́ta. Wọ́n wo bébà náà, wọ́n ní, "Ọ̀la là ń lọ, àbí?"

Ohun kan wà tí ìbéèrè Finland kò tẹ̀ mọ́ tó, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá ọmọ gbọ́. Obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga nígbà oyún, ewu tirẹ̀ ga gan-an kódà tí ṣúgà náà bá ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tó bí ọmọ tó wọn kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ náà yẹ kó yẹ ara rẹ̀ wò. Nílé wa, a máa ń jó yọ̀ tí ọmọ bá tóbi báyẹn. Kò burú ká jó, kí ìyá rẹ̀ ṣáà lọ ṣe àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, kó sì máa ṣe é láti ìgbà dé ìgbà.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń parí ẹjọ́

Ẹni tó bá gba 12 sókè, ẹni tó ti pé 35 tó sì sanra, ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní i, kó lọ gún ìka. Ìlera alábọ́ọ́dé, ọsibítù tàbí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe é, àwọn kẹ́mísìtì kan náà ní ẹ̀rọ rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ má tíì jẹ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́jọ. Omi nìkan lẹ lè mu. Kò sí tíì, kò sí ẹ̀kọ, kò sí obì.

Tí kò bá tó 100, ó dára. Láti 100 sí 125, ẹ ti wà lẹ́nu ààlà. 126 sókè, àrùn ni, wọn yóò sì tún un ṣe kó dá wọn lójú. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń lo òǹkà kékeré: nínú tiwọn, 5.6 ni ẹnu ààlà ti bẹ̀rẹ̀, 7.0 sì ni àrùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti jẹun, 200 sókè pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ púpọ̀ ti tó láti sọ pé àrùn ni. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì béèrè pé kí ẹ gbààwẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju ti ìka gígún lọ.

Tèmi jẹ́ 104. Ti àǹtí mi jẹ́ 118. A jọ wà lẹ́nu ààlà. Kò sí èèrà kankan.

Kí ló ń dín in kù?

Ẹnu ààlà kọ́ ni òpin. Ní Finland, wọ́n mú àwọn 522 tí wọ́n wà lẹ́nu ààlà báyìí, wọ́n ní kí àwọn kan dín ara kù díẹ̀, kí wọ́n dín ọ̀rá kù, kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ sí i, kí wọ́n sì máa rìn. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2001: àrùn náà fi 58 nínú 100 dín kù láàrin wọn. Ní 2002, Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde, lórí ènìyàn 3,234, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú. 58 kan náà ni wọ́n rí. Àwọn tó lo oògùn metformin nìkan dín kù ní 31. Ẹsẹ̀ àti ẹnu ju oògùn lọ. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló tiẹ̀ jèrè rẹ̀ jù, tiwọn dín kù ní 71. Nítorí náà, kí àgbà kankan má sọ fún mi pé ó ti bọ́.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Wọ́n ń lé pípàdánù 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 90, kílò 6 àti díẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sì ń rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n di eegun.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iyán. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Okun má jẹ iyán mọ́, ó ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò ni, èmi náà kò sì ní gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí wọ́n ń gúnyán fún láyé àtijọ́. Ó ti kọ igba ebè kó tó jókòó ti abọ́. Iṣan apá àti itan rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ń dúró de ṣúgà yẹn. Àwa jókòó láti àárọ̀, a wá ń bu iye tí ẹlẹ́bè ń bù. Kí iyán yín má ju ìkúùkù ọwọ́ yín kan tàbí díẹ̀ sí i lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ẹja tàbí ẹran gba ìyókù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ lára ẹ̀fọ́ àti ẹja kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òkèlè, ṣúgà kì í fò sókè bẹ́ẹ̀. Òkèlè alẹ́ kó bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó lọ sùn kí ẹ ti rìn díẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ ńlá, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà wọlé kódà tí ihò kọ́kọ́rọ́ bá ti dípẹtà díẹ̀.

Àwọn kan á ní "àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń jẹ, wíìtì ni mò ń jẹ". Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè wíìtì ṣì jẹ́ òkè. Ẹ̀wà ni mo rò pé a ti gbàgbé. Ẹ̀wà sísè àti mọ́ínmọ́ín kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè gòkè, wọ́n sì máa ń dúró pẹ́ nínú ikùn.

Ibi tó ti bàjẹ́ jù lójú tèmi ni ohun mímu. Lóde ìkómọ, lóde ìsìnkú, ìgò mínírà méjì-méjì ni wọ́n ń gbé síwájú ènìyàn, ẹni tí kò bá sì mu mínírà á ní kí wọ́n fún òun ní máàtì, nítorí pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Iye gíráàmù ṣúgà tí ẹ bá rí, ẹ pín in sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ 40, ṣíbí tíì mẹ́wàá lẹ fẹ́ gbé mì yẹn, láìjẹ nǹkan kan. Máàtì kò yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn lábẹ́ òfin ìṣúná 2021. Náírà mẹ́wàá! Mi ò tíì rí ẹni tí ìyẹn dá dúró lóde ìkómọ. Omi tútù ni kí ẹ bèèrè fún. Ẹ jẹ ọsàn dípò kí ẹ mu omi ọsàn inú páálí. Oyin náà, ṣúgà ni.

Sìgá ń mú ewu yìí pọ̀ sí i, ẹ jáwọ́. Ọtí púpọ̀ náà kò dára. Ní ti àgbo, ewúro jẹ́ ẹ̀fọ́ tó dára, ẹ máa fi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn kò gbọdọ̀ torí ìgò àgbo kan ju oògùn rẹ̀ nù. Èmi ti rí bí ìyẹn ṣe ń parí. Oògùn gan-an ti wọ́n, pàápàá láti 2023 tí àwọn iléeṣẹ́ oògùn ńlá méjì láti òkè òkun ti kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Owó oògùn oṣù kan ti bàbá mi, ó ju owó tépù àti ìka gígún fún gbogbo ilé wa lọ fíìfíì.

Tí ẹ bá ti ń gbẹ lójijì, tí òùngbẹ kò jẹ́ kí ẹ sùn, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta yín bí ẹ̀gún tàbí tó kú tipiri, tí egbò kò jinná, ẹ má ka máàkì kankan mọ́. Ọsibítù ni kí ẹ máa lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá láti ìgbà tí mo wọn ara mi. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìta ọjà, mo ń fẹsẹ̀ rin ìyókù dé ọ́fíìsì. Mo dín iyán kù, mo fi mínírà sílẹ̀, búrẹ́dì ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Kílò mi ti di 79, ikùn mi ti di 93, ṣúgà àárọ̀ mi sì ti wálẹ̀ sí 95. Mo tún ìbéèrè Finland dáhùn, mo retí pé màá ti bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Ó jẹ́ 11. Nítorí pé wọ́n ti bá ṣúgà tó ga lára mi rí, máàkì 5 ti wọlé lórí ìyẹn, bàbá mi kò sì lè yí padà láti di bàbá ẹlòmíràn. Ohun tí dókítà sọ ni pé kí n máa gún ìka lọ́dọọdún, kí n má dúró.

Àǹtí mi ti kúrò ní 118, wọ́n ti wà ní 107. Wọ́n ra tépù tiwọn, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá wá ra ọ̀ṣẹ, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ dúró ná.